Ta Ló Bọ́ Ológun?

Bí àgbàlagbà ọkùnrin bá kú ní Òkukù, àwọn obìnrin ilé ló ń dìde láti kì í. Karin Barber, òyìnbó tó gbé ìlú náà fún ọdún mélòó kan, kọ ìwé lé oríkì wọn lórí, ìwé náà sì jáde ní 1991. Ẹnu obìnrin ni oríkì wà. Síbẹ̀, tí èèyàn bá tẹ́tí, ọkùnrin ni wọ́n ń gbé ga jù: ológun, ọdẹ, olóko ńlá, ẹni tí èrò ń wọ́ tẹ̀lé. Akínkanjú wà lára ohun tí a fi ń mọ ọmọlúàbí, mi ò jiyàn. Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú wa ni pé ibi tí ariwo bá pọ̀ sí nìkan ni a ti ń wá akínkanjú.

Ẹ wo ìlú Ìkìrun, nítòsí Òkukù, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878. Ọjọ́ náà ni Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n kó ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sá lọ sì bá odò Ọ̀tìn lọ. Ìjà yìí ni wọ́n ń pè ní ogun Jálumi, kò sì sí ọmọ agbègbè yẹn tí kò gbọ́ nípa rẹ̀. Ohun tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ fún ọmọ ni pé Ìkìrun kún àkúnya láyé ogun. Ará Òkukù fi ilé wọn sílẹ̀ wá síbẹ̀, wọn kò sì padà sílé títí gbogbo ogun ìgbà náà fi parí ní 1893. Òjò ló pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Ọkùnrin tó jẹ́ àgbẹ̀ tàbí alágbẹ̀dẹ tẹ́lẹ̀ gbé ọkọ́ àti ewìrì sílẹ̀, ó gbé ìbọn. Ogun di iṣẹ́ oòjọ́. Ta ló wá ń gúnyán? Ta ló ń lọ àgbàdo, tó ń fọ epo, tó ń ru ẹrù lọ sí àgọ́ lójú ọ̀nà tí ajínigbé lúgọ sí? Obìnrin ni, ẹrú ni, ọmọdé ni. Ẹnikẹ́ni kò fi wọ́n joyè Balógun.

Ológun náà ńkọ́? Ẹni tó dúró gbèjà ìlú rẹ̀ yẹ lẹ́ni à ń yìn. Ṣùgbọ́n ẹrú ni èrè iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá ṣẹ́gun á kó ọmọ ọlọ́mọ wálé, á ta díẹ̀ nínú wọn fi ra ìbọn, á fi ìyókù roko. Àwọn kan á ní bí ayé ìgbà náà ṣe rí nìyẹn. Òwe tó ní bí a ti bí ẹrú la bí ọmọ, ṣebí ẹnu àwọn baba wa ni a ti gbọ́ ọ? Wọ́n mọ̀, wọ́n ṣì ń kó ẹrú. Kí obìnrin má sì rò pé òun mọ́ nínú rẹ̀: Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tí wọ́n pa ní 1874, ní ẹrú rẹpẹtẹ lóko, ó sì ń ta ohun ìjà láwìn fún àwọn olórí ogun.

Ogun parí, ọkọ́ padà sọ́wọ́. Láyé ìgbà náà, ẹni tí gbèsè bá ká mọ́ ń fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé. Ojú owó kò yẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá san án. Olówó tó jẹ́ ọmọlúàbí á jẹ́ kí ìwọ̀fà kúrò lóko òun nígbà tó tó, kó lè rójú ṣe ti ara rẹ̀. Èyí tí kì í ṣe ọmọlúàbí náà, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n.

Rélùwéè ló tún wá da iṣẹ́ rú. Láti Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1896. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Òṣogbo, Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Ọ̀dọ́kùnrin di lébìrà. Alájàpá tó ń fi ẹsẹ̀ rìn tẹ́lẹ̀ wá ń di ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀. Gbogbo èèyàn ló mọ ìtàn àwọn yìí. Ti ìyá àgbà tó ń ran òwú ni mo fẹ́ sọ.

Láyé ìgbà yẹn, òfì tí wọ́n fi ń hun aṣọ kíjìpá máa ń dúró gbọnrangandan ti ògiri nínú ilé. Obìnrin ló ń hun ún, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀ àti ọbẹ̀ lórí iná. (Ẹni tó bá ní ọkùnrin nìkan ló ń hunṣọ nílẹ̀ Yorùbá, kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ.) Òwú tí ahunṣọ náà ń lò, ọwọ́ ìyá àgbà ló ti wá. Màmá náà jókòó lórí ẹní, ó ti yọ kóró òwú, ó ti gbọ̀n ọ́n; ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún yí ìrànwú, ó ń fi ọwọ́ òsì fa òwú jáde díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ tó ti rọ lè ṣe nìyẹn, owó ọṣẹ àti ti obì rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Nígbà tí òwú òyìnbó dé, tó gún régé, tí owó rẹ̀ kò sì wọ́n, ta ló tún fẹ́ ra ti màmá? Kò sí ogun tó jà á, kò sẹ́ni tó jí i gbé, iṣẹ́ rẹ̀ ṣáà bọ́. Lójú tèmi, ọmọ tó ń fún un lówó obì láìjẹ́ kó tọrọ ju ológun lọ.

Nígbà tó yá, kòkó fa àwọn ọkùnrin agbègbè Òkukù lọ sí oko ọ̀nà jíjìn, lápá Ifẹ̀ àti Oǹdó. Ìyàwó bá ọkọ lọ, ó bá a gbin ín, ó bá a pa á, ó bá a sá a. Bí ọkọ bá kú, àṣà kò fún opó lógún. Àwọn ọmọ àti àwọn ẹbí ni oko bọ́ sí lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ obìnrin fi yàn láti máa tajà tiwọn. Àwọn ọkùnrin kan rí èyí, wọn kò sì dúró de àṣà. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ á pe àwọn àbúrò rẹ̀ jọ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, á mú wọn wọ oko, á ní láti ìdí igi báyìí dé etí odò, ti ìyàwó òun ni. Bó bá kú tán, àwọn àbúrò lè bínú o, ṣùgbọ́n wọn kò ní lè sọ pé àwọn kò gbọ́.