Iná Tó Ń Ṣẹ́jú Lọ́nà Atakpamé

Ẹ̀yin ará, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, aṣọ ni mò ń tà ní Lomé, ní ilẹ̀ Togo, mo sì máa ń kó o lọ sí Atakpamé. Ẹnu mi kò gba ọpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Toyota Corolla ọdún 2005 ni mo ń wà, tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ọ́ìlì ń jò sínú ihò púlọ́ọ̀gì rẹ̀, mo bá gbé e fún mẹkáníìkì kan ní Lomé, ó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì kò jò mọ́. Mo sanwó, mo dúpẹ́, mo di ẹrù mi, mo kọrí sí Atakpamé. Ìrìn nǹkan bí 160 kìlómítà ni.

Mo kọjá Notsé tán ni iná tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo ní iná lásán ni, mo ń lọ. Nígbà tí mo dé ibi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá Atakpamé, iná náà kò dúró jẹ́ẹ́ mọ́, ó ń ṣẹ́jú. Ọkọ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Mo tẹ̀ ẹ́, kò fà. Tírélà tó ń lọ sí Burkina Faso wà lẹ́yìn mi, ó ń fọn fèrè. Jésù nìkan ló bá mi wá àyè tí mo fi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé bí iná yẹn bá ń ṣẹ́jú, epo tí kò jóná ló ń wọ inú kátálíìsì, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín mọ́ kó tó dé sàlẹ́ńsà. Ó lè mú un gbóná títí yóò fi bàjẹ́, ó sì lè dáná ran koríko gbígbẹ tí a bá páàkì lé.

Wọ́n fà mí wọ Atakpamé. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tú orí bátìrì, ó tún un dè, iná kú. Mo pariwo Halelúyà! N kò tíì jáde nílùú tó tún tàn. Ẹnì kejì ní kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti kú, kí n mú 150,000 fàráǹkì wá. Owó ọjà mi nìyẹn! Lóru ọjọ́ náà, orúnkún ni mo fi sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá, ọmọ Ifẹ̀ ti Atakpamé. Ẹ mọ̀ pé èdè wọn bá tiwa tan. A gbọ́ra wa yé díẹ̀díẹ̀. Kò tíì mú sípánà tó fi bi mí pé: “Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ṣe sí ọkọ̀ yìí gbẹ̀yìn?” Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ni lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló wò.

Ó ki skánà tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bọ ihò eléyín 16 tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Láti ọdún 1996 ni gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tó ń lo epo tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní i. Kọ́ọ̀dù méjì jáde: P0171 àti P0302. Èdè Faransé ni skánà náà ń sọ, ó ní “mélange trop pauvre.” Mo mọ̀ pé “pauvre” ni tálákà, mo bá ní, “Ṣé ọkọ̀ náà di tálákà ni?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù fún iye epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì. Ohun tí kọ̀ǹpútà rí ló sọ, kò sọ pé pọ́ǹpù tàbí sẹ́ńsọ̀ ni kí a rà. Èjì tó kẹ́yìn P0302 sì ń sọ pé sìlíńdà kejì kò gbaná.

Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn gbọ́dọ̀ tú kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, ó sì lè tú rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ibẹ̀ ló tọwọ́ bọ̀. Kílípù rọ́bà náà kò fún, afẹ́fẹ́ ń yọ́ wọlé lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀ tó yẹ kó kà á. Wáyà kọ́ìlì kejì kò sì wọlé tán. Ó tì í, ó dún “kó!” Ó fún kílípù, ó kọ kọ́ọ̀dù méjèèjì sínú ìwé, ó wá pa wọ́n rẹ́. A wa ọkọ̀ dé Anié, a padà. Iná kò tàn. 5,000 fàráǹkì ló gbà.

Ẹ̀yin ará, bí iná yẹn bá tàn lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ má wá ẹni tí yóò pa á, ẹ wá ẹni tí yóò kà á. Bó bá ń ṣẹ́jú, ẹ dúró. Kí ẹ sì sọ ohun tí wọ́n tú gbẹ̀yìn kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n fi owó ọjà ra kọ̀ǹpútà nítorí kílípù tí kò fún.