Kí Lo Ní Nílé?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́-ayé, Aṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọba tó dá olówó, tó dá tálákà, tó sì fi èkíní ṣe ìdánwò fún èkejì. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tó dàgbà láìní bàbá, tó sì mọ ojú àìní láti kékeré.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin òbí, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò: bí ènìyàn bá mọ iye àwọn tálákà tó wà láyé, ṣé ó ti mọ tálákà nìyẹn? Tẹ́lẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni ni ǹ bá dáhùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé èmi fúnra mi ló yí mi lọ́kàn padà.

Ọmọ mi obìnrin, tó wà ní ọdún kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, ti ilé-ìwé dé lọ́jọ́ kan. Ó ní olùkọ́ àwọn ní kí àwọn lọ ṣe ìwádìí lórí òṣì láàárín ọmọ aráyé: iye àwọn tálákà, ibi tí wọ́n pọ̀ sí, ohun tó sọ wọ́n di tálákà, àti ọ̀nà àbáyọ. Wọn yóò kọ ọ́ sára páálí, wọn yóò fi àwòrán sí i, wọn yóò sì gbé e kọ́ ògiri lọ́jọ́ tí àwọn òbí bá wá. Inú mi dùn sí i, mo bá a wá àwọn òǹkà. Nígbà tó bi mí pé, "Bàbá mi, kí ló ń fa òṣì?" mi ò dúró rò ó. Mo ní, "Ọ̀lẹ ni. Ẹni tó bá tẹpá mọ́ṣẹ́ kò ní tòṣì." Bí mo ṣe sọ ọ́ ló ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ku àwòrán. Ìyá kan ń dín àkàrà ní oríta àdúgbò wa. Ọmọ mi mú fóònù mi, ó ya ìyá náà níbi tó ti ń fẹ́ná, tí èéfín bo ojú rẹ̀. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Òtòṣì kan ní àdúgbò wa." Kò sẹ́ni tó rántí pé ọmọ ìyá alákàrà ń lọ sí ilé-ìwé kan náà. Ọmọ náà dúró níwájú páálí, ó wò ó, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ní òun kò lọ sí ilé-ìwé mọ́.

Bí a ṣe kírun àsùbá tán ni ìyá náà kanlẹ̀kùn wa. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Àlàájì, ẹ má bínú o, mo ní kí n wá bi yín léèrè ni. Láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń dín àkàrà, ǹjẹ́ mo tọrọ owó lọ́wọ́ yín rí? Aago mẹ́rin ìdájí ni mò ń jí. Ta ni wọ́n wá ń pè ní ọ̀lẹ? Bí ọmọ yín bá bi mí ni, ǹ bá sọ ohun tó ń ṣe mí fún un. Kò bi mí."

Ẹnu mi wọ ṣin. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Tèmi tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé mi ò gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan kí n tó dá a. Mo bẹ ìyá náà, mo sì ní kí ọmọ mi kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ mi lọ jókòó tì í nídìí agbada, ó bi í ní ohun tó yẹ kó ti bi í. Ìyá náà kò ní owó tó lè fi ra àpò ẹ̀wà lódindi. Àwìn ló ń gbà, ní kóńgò-kóńgò, lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó ń fi owó lé e nítorí pé àwìn ni. Bó bá tà tán, owó olówó ló kọ́kọ́ ń san. Ohun tó ń ṣẹ́ kù kò ju oúnjẹ òòjọ́ lọ, nítorí náà yóò tún padà sídìí àwìn lọ́jọ́ kejì. Bó ti wù kó tètè jí tó, okùn kan náà ló ń fà á padà.

Irú okùn yìí gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan rí ní Bangladesh, ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn ènìyàn ibẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí. Ní ọdún 1974, ìyàn ńlá mú níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bá a lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Yunus ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé ní yunifásítì Chittagong nígbà náà. Ó ṣòro fún un láti máa ṣe àlàyé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nínú kíláàsì nígbà tí ebi ń pa ènìyàn kú lóde. Ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde lọ sí Jobra, abúlé kan tó wà nítòsí yunifásítì. Níbẹ̀, ní ọdún 1976, ó bá obìnrin kan tó ń fi ọparun ṣe àpótí ìjókòó. Tákà 5 ló ń yá lọ́wọ́ oníṣòwò láti fi ra ọparun. Àdéhùn wọn ni pé oníṣòwò náà ni yóò ta àpótí náà fún, ní iye tí oníṣòwò bá dá lé e. Èrè obìnrin náà lójúmọ́ jẹ́ ìdajì tákà, tó jẹ́ bíi sẹ́ǹtì 2 owó Amẹ́ríkà. Yunus rán akẹ́kọ̀ọ́ kan pé kó lọ kọ orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú irú gbèsè bẹ́ẹ̀ ní abúlé náà. Ènìyàn 42 ni. Gbogbo owó tó so wọ́n mọ́lẹ̀ jẹ́ tákà 856, kò tó dọ́là 27. Ó yọ ọ́ nínú àpò ara rẹ̀, ó yá wọn.

Ẹ gbé e yẹ̀ wò. Obìnrin tó ń ṣẹ́ ọparun láti àárọ̀ títí di alẹ́, ọ̀lẹ ha ni bí? Gbogbo ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn ti kà, kò sí èyí tó sọ fún wọn pé ohun tó de ènìyàn 42 mọ́lẹ̀ kò tó dọ́là 27. Ẹnu àwọn tó wà nínú ìdè náà ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Mi ò sọ pé kí ọmọ má ka òǹkà o. Òǹkà wúlò fún ìjọba tó fẹ́ mọ ibi tí yóò ná owó sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Báńkì Àgbáyé gbé ààlà òṣì paraku kúrò ní dọ́là 2.15 lójúmọ́, wọ́n gbé e sí dọ́là 3. Pẹ̀lú òṣùwọ̀n tuntun àti ìṣirò tuntun, iye àwọn tí wọ́n kà sí tálákà paraku ní ọdún 2022 kúrò ní mílíọ̀nù 713, ó di mílíọ̀nù 838. Oúnjẹ kò dín nínú àwo ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Òṣùwọ̀n ló yí padà. Òǹkà lè sọ bí àwọn tí a dè ti pọ̀ tó, ṣùgbọ́n kò lè sọ ibi tí okùn ti so.

Nínú iṣẹ́ Jobra ni Báńkì Grameen ti jáde ní ọdún 1983. Ní ọdún 2006, wọ́n fún báńkì náà àti Yunus ní ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà. Síbẹ̀, ohun méjì wà tí mi ò ní fi pamọ́. Èkíní, báńkì náà ń gba èlé, bẹ́ẹ̀ èlé jẹ́ èèwọ̀ nínú ẹ̀sìn wa. Owó tí Mùsùlùmí ń yá ọmọ ìyá rẹ̀ nítorí Ọlọ́hun kò gbọdọ̀ bímọ. Èkejì, ní ọdún 2015, àbájáde ìwádìí láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà, tí Morocco àti Bosnia wà lára wọn, fi hàn pé owó yíyá kékeré ran àwọn kan lọ́wọ́, àmọ́ kò yọ ọ̀pọ̀ kúrò nínú òṣì. Kò sí oògùn kan tó ń wo gbogbo àrùn. Arúgbó tí agbára ti tán lára rẹ̀, aláìsàn, ẹni tí ogun lé kúrò nílé, àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹni tí à ń yá lówó. Ẹ̀tọ́ wọn ni kí á fún wọn.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí á padà sọ́dọ̀ Ànábì wa. Abú Dáwúdà gba ìtàn kan wá pé ọkùnrin ará Mọdínà kan wá tọrọ nǹkan lọ́dọ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Ànábì kò bú u, kò sì lé e. Ó bi í ní ohun tó ní nílé. Aṣọ kan àti ife kan ni ọkùnrin náà ní. Ànábì ní kó kó wọn wá, ó fúnra rẹ̀ polówó wọn níwájú àwọn sàábé, ó sì tà wọ́n ní dírámù méjì. Ó ní kí ọkùnrin náà fi dírámù kan ra oúnjẹ fún ará ilé rẹ̀, kó sì fi èkejì ra àáké wá. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Ànábì fi ki èèkù bọ àáké náà, ó ní kó lọ máa ṣẹ́gi tà, kí òun má rí i fún ọjọ́ 15. Nígbà tí ọkùnrin náà padà dé, ó ti ní dírámù mẹ́wàá.

Ọgbọ́n inú ìtàn yìí pọ̀. Oúnjẹ ló ṣáájú àáké, nítorí bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ìbéèrè ló sì ṣáájú gbogbo rẹ̀. Ohun tí ọkùnrin náà ní ni Ànábì kọ́kọ́ bi í, ó fi hàn án pé kì í ṣe ẹni òfo. Àwa kọ́, ohun tí ìyá alákàrà kò ní ni a yà ní fọ́tò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá fún yín ní irú iṣẹ́ ìwádìí yìí, ẹ mú ẹ̀kọ́ mẹ́ta dání. Èkíní, ẹ bi ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kí ẹ tó kọ nípa rẹ̀, ẹ má sì ya àwòrán rẹ̀ láìgba àṣẹ. Ọmọlúàbí ni, kì í ṣe páálí. Èkejì, ẹ má rò pé ẹni tí kò tọrọ kò ṣaláìní. Ọlọ́hun sọ̀rọ̀ irú wọn nínú Súrà Al-Baqarah, àwọn tálákà tí ìkóra-ẹni-níjàánu wọn ń mú kí aláìmọ̀kan kà wọ́n sí ọlọ́rọ̀. Ẹ̀kẹta, Súrà Al-Ma'ārij jẹ́ kó yé wa pé ẹ̀tọ́ tí a mọ̀ ń bẹ nínú ọrọ̀ onígbàgbọ́, fún ẹni tó ń tọrọ àti ẹni tí a fi dù. Ìdá kan nínú ogójì tí à ń yọ fún sàká lórí owó kì í ṣe àánú olówó. Ohun olóhun tó wà lọ́wọ́ wa ni. Ẹni tó ń dá ohun olóhun padà kò lè máa gbéra ga sí olóhun.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, àwa ni kí á bẹ̀rù jù. Òṣì ní í jẹ́ ta ní mọ̀ ọ́ rí, owó ní í jẹ́ mo bá ọ tan. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ tálákà nílé bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ló dá, ibẹ̀ ni ọmọ yóò ti kọ́ ọ, ilé-ìwé kò sì ní lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá alákàrà kò gba sàárà lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n lọ fún ẹni tó kù díẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ìyá àsàlátù wa dá owó jọ, tí wọ́n sì yá a láìlélé, ó gbà á, ó ra àpò ẹ̀wà, ó sì ń san án padà díẹ̀díẹ̀. Ọmọ mi yọ àwòrán kúrò lára páálí. Ó pa ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ọ̀lẹ rẹ́, ó kọ ohun tí ìyá náà sọ fún un dípò rẹ̀, lẹ́yìn tó ti gba àṣẹ. Ọmọ ìyá náà padà sí ilé-ìwé, àmọ́ títí di òní, bó bá rí mi, ó máa ń kí mi, kì í wo ojú mi. Ẹ̀kọ́ tèmi nìyẹn.

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí ọrọ̀ wa fọ́ wa lójú, kí Ó má sì jẹ́ kí àìní wa tàbùkù wa. Àmín.