Géèmù Àtijọ́ Tí Wọn Kò Tà Mọ́: Ta Ni Ó Ni Ín?



Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò ní oṣù yìí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní agbègbè Mọníyà àti Ìyànà Ọ̀fà. Wọ́n ń bá ènìyàn tẹ̀wé, wọ́n ń tún fóònù ṣe, wọ́n sì ń kó wáàsí, fíìmù àti géèmù sínú káàdì mẹ́mórì fún ẹni tí ó bá sanwó. Géèmù àtijọ́ wà lára ohun tí wọ́n ń kó: Super Mario Bros. ti 1985, Contra, Prince of Persia ti 1989. Kì í ṣe ọmọdé nìkan ni ó ń béèrè wọn. Àwọn tí wọ́n ti di bàbá àti ìyá ọmọ náà ń wá fi ṣe ìrántí ìgbà èwe. Wọ́n wá bi wá pé: owó tí àwọn ń gbà lórí rẹ̀, ṣé haláàlì ni? Èrò tiwọn ni pé àwọn tí ó ṣe géèmù náà ti pa á tì, wọn kò tà á mọ́, nítorí náà kò sí ẹni tí a jí nǹkan rẹ̀.

Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ eré lásán ni èyí. Nínú owó yìí ni ẹlòmíràn ti ń jẹun.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé bí nǹkan náà ti rí. Ilé-iṣẹ́ Nintendo gbé ẹ̀rọ Famicom jáde ní Japan ní 1983. Inú kásẹ́ẹ̀tì oníke ni géèmù rẹ̀ máa ń wà, èyí tí àwọn ọmọ ìgbà náà máa ń fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí bí kò bá ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ wọ̀nyí ti bàjẹ́, kásẹ́ẹ̀tì wọn ti sọnù, ṣùgbọ́n géèmù inú wọn kò kú, nítorí àwọn amọ̀ṣẹ́ ti kọ ètò kan tí a ń pè ní emulator, tí ó ń mú kí kọ̀ǹpútà òde-òní máa ṣe bí ẹni pé òun ni ẹ̀rọ àtijọ́ náà. MAME bẹ̀rẹ̀ ní 1997, DOSBox dé ní 2002. Òógùn ara wọn ni àwọn tí ó kọ méjèèjì fi kọ ọ́, wọ́n sì fi ta àwọn ènìyàn lọ́rẹ. A kò rí aburú nínú wọn. Ohun tí a ń kó sínú wọn, ìyẹn ẹ̀dà ohun tí ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, ni ìbéèrè wà lórí rẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé ewúrẹ́ àti ilé ni ènìyàn lè ní, pé ohun tí a kò lè fọwọ́ bà kò ní ẹni tó ni ín. Ní oṣù Kejìlá 1988, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù ti àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí jókòó ní Kuwait, wọ́n sì pinnu pé ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé àti ti ẹni tí ó ṣe àgbékalẹ̀ nǹkan tuntun jẹ́ ẹ̀tọ́ tí sharia mọ̀, tí a kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lójú. Òfin Nàìjíríà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023 náà ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ àwọn iṣẹ́ tí ó ń dáàbò bò. Ẹ sì gbọ́ ti Alexey Pajitnov, tí ó ṣe géèmù Tetris ní Moscow ní 1984. Gbogbo ayé ta Tetris, ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ni ó ni ẹ̀tọ́ orí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lórí rẹ̀ títí di 1996. Ọ̀rọ̀ náà dun ẹni tí ó bá gbọ́ ọ. Bí iṣẹ́ ọpọlọ kì í bá ṣe iṣẹ́, kí ni ì bá dùn wá níbẹ̀?

Ṣùgbọ́n "wọ́n ti pa á tì" yẹn ni ó yẹ kí a dúró lé lórí. Ẹni tí a bí sí abúlé Lágelú tàbí Ọ̀nà-Àrà mọ̀ pé ilẹ̀ tí igbó bò kì í ṣe ilẹ̀ tí kò lẹ́ni. Àgbẹ̀ gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo fún ọdún díẹ̀, ó rí i pé ilẹ̀ ti ṣá, ó fi í sílẹ̀ kí ó sinmi. Igbó hù, òkété gbẹ́ ihò síbẹ̀. Àjèjì tí ó bá ń kọjá lọ yóò sọ pé igbó lásán ni. Ṣùgbọ́n pèrègún wà lójú ààlà, àwọn ọmọ ilé sì mọ ibi tí ti bàbá wọn dé. Ẹni tí ó bá yọ àdá wọ inú rẹ̀, tí ó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń já sí. Lónìí tí ilé ti ń gba ipò oko láti Ẹgbẹ́dá dé Akínyẹlé, mélòó nínú wa ni kò mọ ẹbí kan tí irú ìjà bẹ́ẹ̀ gbé dé kóòtù?

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti Mario. Nintendo kò ta kásẹ́ẹ̀tì ti 1985 mọ́, ṣùgbọ́n ó ń fi géèmù kan náà fún àwọn tí ó ń san àsansílẹ̀ lórí ẹ̀rọ Switch rẹ̀. Ní 2018, ó gbé àwọn tí ó ni ojúlé LoveROMs lọ sí kóòtù ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ náà sì parí sí owó tí ó lé ní 12 mílíọ̀nù dọ́là. Oko tí ó ń sinmi ni èyí. Pèrègún rẹ̀ hàn gbangba.

Síbẹ̀, ilẹ̀ òkú wà lóòótọ́. Ní oṣù Keje 2023, Video Game History Foundation gbé ìwádìí jáde pé nínú géèmù 100 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ṣáájú 2010, 87 ni a kò lè rí rà ní ọjà mọ́. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ti túká pátápátá, kò sì sí ẹni tí ó mọ àjogún rẹ̀. Kí ni kí a ṣe sí irú èyí? Àwọn tí wọ́n ti jókòó ní ilé-kéwú mọ orí ọ̀rọ̀ tí ó dá lórí sísọ ilẹ̀ òkú di alààyè. Àwọn onímọ̀ tí ó tẹ̀lé ọ̀nà Imáàmù Màlík sọ pé bí ẹnì kan bá sọ ilẹ̀ òkú di oko, tí ó wá pa á tì pẹ́ títí tí ó fi padà di igbó, ẹlòmíràn lè tún un sọ di oko kí ó sì jẹ́ tirẹ̀. Àwọn ti ọ̀nà Ṣáfíì kò gbà. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan nínú ọ̀rọ̀ àwọn ti Màlík: pípatì nìkan kọ́ ni ó gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, iṣẹ́ ẹni kejì ni. Bí a bá wá fi wé géèmù, ta ni ó ṣiṣẹ́ náà? Ẹni tí ó fi ọdún púpọ̀ kọ emulator, tí ó ń tọ́jú ohun tí ì bá ti parun, ni a lè pè ní ẹni tí ó jí òkú ilẹ̀. Ẹni tí ó fi ìṣẹ́jú méjì kó fáìlì sínú káàdì, tí ó gba 200 náírà, ilẹ̀ wo ni ó ro?

Àwọn onímọ̀ Màlík kan náà sọ pé ilẹ̀ tí ó bá súnmọ́ ìlú, a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ aṣáájú kí a tó dá oko síbẹ̀. Àwọn olùtọ́jú ohun àtijọ́ ní Amẹ́ríkà béèrè irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, pé kí ilé-ìkàwé lè jẹ́ kí àwọn olùwádìí lo géèmù àtijọ́ láti ilé wọn, ọ́fíìsì ìjọba tí ọ̀rọ̀ kàn sì kọ̀ fún wọn ní oṣù Kẹwàá 2024. Àwa kò rí i pé ìpinnu yẹn dára, nítorí ohun tí olówó rẹ̀ kò tà, tí kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn tọ́jú, ìparun ni yóò bá a. Ṣùgbọ́n wọ́n béèrè.

Àwọn olówó kan sì ti yọ̀ǹda tiwọn. Revolution Software sọ Beneath a Steel Sky ti 1994 di ọ̀fẹ́ ní 2003. Jordan Mechner tí ó ṣe Prince of Persia kò rí ìwé ètò géèmù náà fún ọdún púpọ̀. Ní 2012 ni bàbá rẹ̀ rí àwọn díìsìkì náà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì gbé e síta kí ẹni tí ó bá fẹ́ kà á. (Ìwé ètò ni ó gbé síta o. Bí géèmù yẹn ṣe ya ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni.) Ayò ọlọ́pọ́n tiwa kò tilẹ̀ ní olówó kankan. Ní 2002, Romein àti Bal ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà wo gbogbo ipò ọmọ ayò nínú awari, tí ó jẹ́ ẹ̀yà ayò, iye rẹ̀ lé ní 889 bílíọ̀nù, wọ́n sì rí i pé bí àwọn méjèèjì kò bá ṣi í ta, ọ̀mì ni.

Wọ́n tún sọ pé Nintendo lówó, pé kò mọ̀ pé Àkànrán wà láyé, àti pé ọmọ tí ó wà níbẹ̀ kò lè san dọ́là. Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ó tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, ayédèrú ni, torí àtilẹ̀bá kọjá agbára wa. Ṣùgbọ́n ìnira tí ó ń sọ ohun èèwọ̀ di ìrọ̀rùn ni ti ẹni tí ebi fẹ́ pa kú, a kò sì tíì gbọ́ pé àìta Mario pa ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, a dá wọn lóhùn báyìí. Géèmù tí a kò rí olówó rẹ̀ mọ́ rárá, ẹni tí ó bá tọ́jú rẹ̀ fún ara rẹ̀, a kò ní ká a lọ́wọ́ kò. Títà rẹ̀ ni a kò fọwọ́ sí. Ti ẹni tí pèrègún rẹ̀ hàn, kí wọ́n má tilẹ̀ kó o. Ọ̀kan nínú wọn fèsì pé bí òun bá yọ Mario kúrò, ṣọ́ọ̀bù kejì ni oníbàárà yóò gbà lọ. A kò lè sọ pé irọ́ ni. A ní kí ó kọ owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sára ògiri, fífi emulator sínú kọ̀ǹpútà, títún pádì ṣe, kíkó géèmù tí olówó rẹ̀ yọ̀ǹda, kí ó sì pa orúkọ àwọn yòókù rẹ́ kúrò níbẹ̀. Ó ní òun yóò lọ rò ó. Títí tí a fi ń kọ èyí, kò tíì padà wá.