Ṣé Irọ́ Ni Idán?

Níbi ìkómọ kan ní Mesquite, lẹ́bàá Dallas níbí, wọ́n dárúkọ Professor Peller, ni bàbá kan bá ní, "Pẹ̀lú gbogbo mágíìkì ẹ̀, kí ló dé tí kò sọ ìbọn yẹn di òdòdó?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Peller. Òun ni onídán tí orúkọ rẹ̀ ròkè jù ní Nàìjíríà láyé àwọn òbí wa: á gbé obìnrin sínú àpótí, á gé e sí méjì, obìnrin náà á tún jáde ní odidi. Ní 1997 ni wọ́n yìnbọn pa á nílé rẹ̀ l'Ékòó. Lójú bàbá yẹn, àfi bí ẹni pé Peller jẹ wá ní gbèsè: bí agbára ẹ̀ bá jẹ́ òótọ́, kò yẹ kó kú, bó bá sì kú, a jẹ́ pé ó ti ń purọ́ fún wa.

Èmi ò gbà. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì mọ ohun tó rà. Àwọn eégún aláré ti ń di òjòlá àti ọ̀nì lójú agbo kí wọ́n tó bí Peller, kò sì sẹ́ni tó gbé ọmọ tí gìrì ń ṣe lọ bá òjòlá yẹn pé kó wò ó sàn.

Ní Dallas yìí gan-an, Mark Wilson bẹ̀rẹ̀ sí í pidán lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1955. Nígbà tí CBS gbé ètò rẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà ní 1960, ó ṣèlérí pé kò sí ọgbọ́n kámẹ́rà kankan níbẹ̀. Ọkùnrin tó ń tan ojú wa jẹ, ó ní ibi tí ìtànjẹ òun mọ.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì náà ní idán tiẹ̀. Bí mo bá fẹ́ gún ọmọ kékeré lábẹ́rẹ́, mo lè fi owó ẹyọ pamọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, kí n yọ ọ́ létí ẹ̀. Ojú ẹ̀ á lọ síbẹ̀, abẹ́rẹ́ á ti wọlé. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ sọ pé kò ní dùn ún. Mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ó máa dùn díẹ̀.

Houdini mọ ìyàtọ̀ yìí. Ní 1926 ó lọ síwájú àwọn aṣòfin ní Washington láti ti òfin tó máa dá àwọn awoṣẹ́-gbowó lẹ́kun lẹ́yìn. Ọdún yẹn náà ló kú ní Detroit, lẹ́yìn tí apẹ́ńdíìsì rẹ̀ bẹ́. Tòun ti ibà ńlá ló ṣì gorí ìtàgé. (Ohun tí mo lè bínú sí i lé lórí nìyẹn jàre: ó tan gbogbo ayé tán, ó tún fẹ́ tan ikùn ara rẹ̀.)

Àgbàlagbà kan tí mo mọ̀ níbí pa insulin tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí wòlíì kan ní àìsàn ti lọ. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì ńbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa pàtẹ́wọ́ kó sì máa lọ sílé. Ohun tó wá le fún mi ni pé mi ò rò pé wòlíì náà ń purọ́. Peller mọ̀ pé obìnrin inú àpótí ò gé. Wòlíì yìí ò mọ nǹkan kan nípa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ọkàn ẹ̀ sì mọ́. Ta ni kí n bá wí? Bàbá náà ti padà sórí oògùn ẹ̀. Àràárọ̀ ló ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ti àná jẹ́ 162.