Ǹjẹ́ Ìṣirò Lè Pinnu Fún Ènìyàn?

Iṣẹ́ ìyanu ni iṣan ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn sọ̀kalẹ̀ lọ sí ikùn. Ó rọ̀, síbẹ̀ ó lágbára, nítorí oríṣi okùn tín-ín-rín méjì ni a fi hun ún: ọ̀kan a máa nà, a sì máa sún padà, èkejì a máa ká jọ títí ẹrù yóò fi pọ̀, nígbà náà ni yóò nà tán, tí yóò sì di iṣan náà mú kí ó má baà ya. Nígbà mìíràn, pàápàá lára àwọn àgbà ọkùnrin tí wọ́n ti mu sìgá pẹ́, okùn wọ̀nyí a máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, iṣan a sì wú bí àpò. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ìrora, kò sí àmì, títí di ọjọ́ tí yóò bẹ́.

Òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun. Àwọn ọlọ́gbọ́n ayé òde òní ń fi kọ̀ǹpútà wá ibi tí iṣan náà lè gbà ya. Wọn a ya àwòrán rẹ̀, wọn a pín in sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyọ kéékèèké, wọn a sì ṣírò bí ipá ẹ̀jẹ̀ ti ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn a fi iye kan sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan: 0 bí ó bá wà ní pípé, 1 bí ó bá ti já pátápátá. Bí ọ̀kan bá rẹ̀, ẹrù rẹ̀ a bọ́ sí èjìká àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Ó ha yẹ kí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ pinnu ẹni tí a ó là nínú? Àwọn kan wí pé ó yẹ. Nítorí òṣùwọ̀n tí àwọn dókítà ń lò, èyíinì ni 5.5 sẹ̀ǹtímítà fún ọkùnrin, a máa tàsé: iṣan tí kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ti bẹ́ rí, òmíràn sì jù bẹ́ẹ̀ lọ tí kò bẹ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n a kò lè mọ agbára iṣan alààyè dájú láìgé e. Èyí tí a gé lára àwọn ẹlòmíràn ni a fi ń fojú díwọ̀n tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ iye náà fún aláìsàn, tí kò sọ ibi tí ó ti fojú díwọ̀n, ń jẹ́rìí èké, bí ìṣirò rẹ̀ tilẹ̀ pé. Bí a bá ní iyèméjì yóò dẹ́rù ba aláìsàn, ẹ jẹ́ kí a rántí pé òun ni ọ̀bẹ yóò bá, kì í ṣe àwa.

Ní ọdún 1948, dókítà Rudolph Nissen fi cellophane wé irú iṣan bẹ́ẹ̀ nínú ikùn Albert Einstein ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó ya ní oṣù kẹrin ọdún 1955, a fi iṣẹ́ abẹ lọ̀ ọ́, ó kọ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 18 oṣù náà, ní ẹni ọdún 76. A lè bá ìpinnu rẹ̀ jiyàn. A kò lè wí pé a kò bi í léèrè.

Ìṣirò lè fi ibi tí okùn ti rẹ̀ hàn. Kò lè sọ ohun tí ọjọ́ tí ó kù jámọ́ fún ẹni tí ó ni ín. Ọlọ́run fún wa ní ìmọ̀ kí a lè fi ran ẹnìkejì wa lọ́wọ́, kì í ṣe kí a fi jọba lé e lórí.