Ìtẹ̀fá Kejì: Ìwòrì Méjì àti Iṣẹ́ Pierre Fátúmbí Verger

Ìwòrì Méjì ni ìkẹta nínú àwọn ojú odù mẹ́rìndínlógún, ó tẹ̀ lé Ọ̀yẹ̀kú Méjì, àmì tí babaláwo sì ń tẹ̀ fún un sórí ọpọ́n, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ni méjì, ọ̀kan, ọ̀kan, méjì. Ẹsẹ kan wà nínú odù yìí tí àwọn awo kì í fi ṣeré, nínú èyí tí Ifá ti pàṣẹ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ nífá pé kí ó tẹjú mọ́ ohun tó kàn án, kí ó sì mọ̀ pé ètò tí àwọn àgbà ṣe fún un nínú igbódù, ìyẹn igbó mímọ́ tí a ti ń tẹ ènìyàn nífá, kò tíì tán, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni yóò padà wá tẹ iyè rẹ̀, èyí tí í ṣe agbára ìrántí àti òye inú ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni Ifá wá ka èèwọ̀ sílẹ̀: kí awo má gbẹ́kẹ̀ lé igbà tó ti já láti gun ọ̀pẹ, kí ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ má sọ ara rẹ̀ sódò. Ìbéèrè tó yẹ kí olùtúpalẹ̀ bi ẹsẹ yìí ni bí a ṣe ń dá ìtẹ̀fá kejì yìí mọ̀ lára ènìyàn, níwọ̀n ìgbà tí kò ní igbódù, tí kò sì ní ẹlẹ́rìí.

Ìgbésí ayé Pierre Verger, ayàwòrán ọmọ Faransé tó di babaláwo, fi ìdáhùn kan hàn. Ìlú Paris ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1902, ó fi ilé ìwé sílẹ̀ nígbà tó pé ọmọ ọdún 17, ọdún 1932 tí ìyá rẹ̀ kú náà ló sì kọ́ iṣẹ́ fọ́tò, tó gbé kámẹ́rà Rolleiflex kọ́rùn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í rin ayé káàkiri títí ó fi gúnlẹ̀ sí Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, lórílẹ̀-èdè Bràsíl, ní ọdún 1946. Irú kámẹ́rà yìí kì í bo ojú ẹni tó ń lò ó. Ìgbáàyà ni wọ́n ń gbé e sí, òkè rẹ̀ ni wọ́n sì ń bojú wò, tó fi jẹ́ pé orí ayàwòrán máa ń tẹ̀ ba nígbà tó bá ń ya ènìyàn. Ohun kékeré kọ́ ni èyí níwájú àwọn àgbà tí ọmọdé kì í ranjú mọ́. Ìyálórìṣà Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá ní Salvador, Mãe Senhora, ló fi í jẹ oyè Ojú Ọba, Ọba náà sì ni Ṣàngó.

Síbẹ̀, ojú nìkan kò tó. Nígbà tí Théodore Monod, olórí ilé ìwádìí IFAN ní Dakar, rán Verger lọ ṣe ìwádìí ní Dahomey, tí í ṣe orílẹ̀-èdè Benin lónìí, fíìmù bíi 2,000 ló kó dé, Monod kò sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Verger kò fẹ́ràn ìwé kíkọ rárá. Ní ọdún 1953, ní Kétu, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nífá, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí, nígbà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ibi tí ẹsẹ Ìwòrì Méjì ti bá a wí gan-an nìyí, nítorí awo tí wọ́n tẹ̀ ní irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀, lédè tí kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀, lè jókòó ti orúkọ tuntun kí ó máa fi yangàn. Dípò bẹ́ẹ̀, ó padà di ọmọ ilé ìwé. Ìwé rẹ̀ lórí àwọn òrìṣà àti vodun jáde ní ọdún 1957, Yunifásítì Sorbonne fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1966, iṣẹ́ ńlá rẹ̀ lórí òwò ẹrú láàárín etíkun Benin àti Bahia sì jáde ní ọdún 1968.

Ṣùgbọ́n inú ewé ni ìtẹ̀fá kejì náà ti hàn jù lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Verger fi jókòó ti àwọn babaláwo, tí òun sì ń kọ orúkọ ewé sílẹ̀, odù tí oògùn kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ rẹ̀, àti ọfọ̀ rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a ń pè sí ewé kí ó tó jẹ́. Ó ṣàkíyèsí pé sílébù kan ṣoṣo ló sábà máa ń so orúkọ ewé mọ́ iṣẹ́ tí a rán an: awo tó bá ń bẹ tẹ̀tẹ̀ pé kí ẹnì kan má tẹ́ láwùjọ, sílébù tó wà nínú orúkọ ewé yẹn ló ń pè jáde. Ẹni tó ya fọ́tò tẹ̀tẹ̀ ní igba ìgbà kò lè rí ìyẹn, àfi kí ó gbọ́ Yorùbá. Ìwé kékeré kan lórí ewé Ọ̀sanyìn jáde ní Ifẹ̀ ní ọdún 1967, Verger sì kọ́ni ní yunifásítì ibẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970. Àkójọ ńlá tó pè ní Ewé kò jáde ní Bràsíl àfi ní ọdún 1995.

Àwọn kan lè sọ pé ó da awo ni, nítorí ó tẹ ohun tó gbà lábẹ́ ìmùlẹ̀ jáde fún gbogbo ayé. Ẹ̀sùn yìí wúwo, kò sì yẹ kí a fojú fò ó, ṣùgbọ́n ewé tí a kà nínú ìwé láìsí ẹni tó tẹ odù rẹ̀ tó sì pe ọfọ̀ rẹ̀ bó ti yẹ, ewé lásán ni lójú Ifá. Èyí tó ṣòro jù ni pé nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò rẹ̀ tó kẹ́yìn, pẹ̀lú olórin Gilberto Gil, Verger fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òye Faransé tó wà lára òun kò jẹ́ kí òun lè fi gbogbo ọkàn gba nǹkan wọ̀nyí gbọ́. Kò sí ibi tí ẹsẹ Ìwòrì Méjì yìí ti bi awo léèrè ohun tó gbàgbọ́. Ojú tó tẹ̀ mọ́ nǹkan àti iyè tó tún tẹ̀ ló béèrè, a kò sì lè fi èyíkéyìí nínú méjèèjì du Verger. Ó kú ní Salvador ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1996, fíìmù tó lé ní 62,000 sì wà ní ilé rẹ̀ lábẹ́ ìtọ́jú àjọ tó dá sílẹ̀ ní ọdún 1988. Yorùbá àti èdè Potogí ni wọ́n fi tẹ ìwé Ewé, nítorí náà ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ Potogí lè ka ọfọ̀ inú rẹ̀; kí ó kà á lọ́dọ̀ babaláwo tó mọ ewé náà.