Ìyìn Tó Dí Leeson Lẹ́nu

Nick Leeson kì í ṣe ọmọ olówó. Ní Watford, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, bàbá rẹ̀ ń rẹ́ ògiri jẹun, òun fúnra rẹ̀ kò sì dé yunifásítì. Ṣùgbọ́n ó mọ ìwé òwò tò. Nígbà tí ìwé ìpín ìdókòwò dàrú mọ́ Barings, báńkì tó ń bá ṣiṣẹ́, lọ́wọ́ ní Jakarta, òun ló bá wọn tú u. Báńkì tó ti wà láti 1762 bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e gẹ̀gẹ̀. Ní 1992, wọ́n rán an lọ sí Síńgápọ̀ láti máa ná ọjà ìdókòwò. Ẹni ọdún 25 ni.

Kò pẹ́ níbẹ̀ tí òṣìṣẹ́ kan lábẹ́ rẹ̀ ta ohun tó yẹ kó rà. Àdánù ibẹ̀ tó nǹkan bíi 20,000 pọ́n-ùn, owó tí báńkì ńlá lè gbé mì. Kí ló dé tí kò pe Lọ́ńdọ̀nù, kó ní, "Ẹ má bínú sà, a ṣe àṣìṣe"? Lójú tèmi, ìyìn ló dí i lẹ́nu. Ẹni tí wọ́n ti gbà pé ọwọ́ rẹ̀ kì í tàsé, ẹnu wo ni yóò fi ròyìn àdánù? Ó fi í pamọ́ sínú àkáǹtì 88888 (oríire ni 8 lójú àwọn Ṣáínà!). Nígbà tó yá, àdánù tirẹ̀ náà ń wọ ibẹ̀ wìtìwìtì.

Òun ló ń ná ọjà, òun náà ló ń bójú tó ìṣirò rẹ̀. Àwọn olùyẹ̀wò báńkì náà sọ ní 1994 pé kò yẹ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ nǹkan kan kò yí padà. Èrè orí ìwé dùn ún wò. Lọ́ńdọ̀nù ń fi owó ránṣẹ́ bó ṣe ń bèèrè.

Ní January 17, 1995, ilẹ̀ mì ní Kobe, ọjà ìpín ìdókòwò Japan tí Leeson ń fowó lé sì já wálẹ̀. Síbẹ̀, ó tún ń rà sí i. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó sá lọ, ó fi ìwé ẹ̀bẹ̀ pélébé sílẹ̀. Àdánù náà jẹ́ 827 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Báńkì mìíràn, ING, fi pọ́n-ùn kan ra Barings.

Ó parọ́, ó sì ṣe ayédèrú ìwé; ẹ̀wọ̀n tó lọ tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí àṣírí tó tú, àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti ń gbèrò láti fún un ní 450,000 pọ́n-ùn, ẹ̀bùn iṣẹ́ takuntakun tó ṣe ní 1994.